Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ṣé mo ti jẹ iyán kẹ́yìn nìyẹn?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ ṣúgà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀, àtọ̀gbẹ tí àwọn ìyá wa ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ojú ewé yìí tipẹ́ mọ̀ pé ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì n'Ílọrin kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ̀ pé èmi alára ní ṣúgà, ó ti ń lọ sí ọdún 14 báyìí, torí náà púpọ̀ nínú ohun tí mò ń sọ níbí, mo ti gbé e jẹ, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lára ara mi. Mo mú lẹ́tà márùn-ún. Ti bàbá tíṣà ni mo fẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí mo rí ara mi níbẹ̀.

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òmù-Àrán ni mò ń gbé, mo ti pé ọdún 62. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n sọ fún mi pé mo ní ṣúgà, wọ́n fún mi ní Metformin. Látìgbà yẹn ni ìyàwó mi ti ń ro àlìkámà lọ́tọ̀ fún mi, èmi nìkan ni mò ń jẹ ẹ́ nínú yàrá, mo sì ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé, iṣu tuntun ti dé. Àwọn èèyàn ní àlìkámà àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ò ní wàhálà, pé kí n jẹ ẹ́ yó bó ṣe wù mí. Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo yẹ ṣúgà wò láàárọ̀, mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, 198 ló jẹ́. Ṣé mo ti jẹ iyán kẹ́yìn nìyẹn?

Bàbá, rárá o, ẹ ò tíì jẹ iyán kẹ́yìn. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ jẹ àlìkámà yó bó ṣe wù yín, ó fẹ́ràn yín ni, àmọ́ ó ṣì yín lọ́nà. Kò sí òkèlè kankan tí kì í di ṣúgà tó bá ti délẹ̀ inú. Iyán, ẹ̀bà, láfún, tùwó, sẹ̀mó, àlìkámà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, gbogbo wọn pátá. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yára wọnú ẹ̀jẹ̀ sí, iyán máa ń yára lóòótọ́ torí odó ti bá ikùn ṣe ìdajì iṣẹ́ ẹ̀, àlìkámà máa ń rọra díẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé òkèlè àlìkámà mẹ́ta ńlá jẹ, ó máa gbé ṣúgà yín ga ju iyán kékeré kan lọ, torí ìwọ̀n ni nǹkan náà, bàbá, kì í ṣe orúkọ oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi, àwọn ará ilé gbà mí nímọ̀ràn bíi tiyín, mo jẹ àlìkámà fún oṣù mẹ́rin gbáko, mo jẹ ẹ́ débi tí mi ò fi lè gbóòórùn ẹ̀ mọ́. Lóru tí gbogbo ilé bá ti sùn, màá dìde, màá lọ sí kíṣìnnì, màá máa jẹ búrẹ́dì nínú òkùnkùn. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí búrẹ́dì ń ṣe, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti yà sọ́tọ̀ nídìí oúnjẹ, ebi tó ń pa á ju ebi ikùn lọ. Ṣúgà mi ò wálẹ̀ nínú oṣù mẹ́rin yẹn. Ìgbà tí mo padà sídìí oúnjẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, tí mò ń bu òkèlè kékeré, tí mò ń jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀, ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ mú àwo pẹrẹsẹ kan, kì í ṣe abọ́ jíjìn o, torí abọ́ jíjìn máa ń tan ojú jẹ. Ẹ fi ẹ̀fọ́ gba ìdajì ẹ̀, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewúro, ilá, ewédú, èyíkéyìí tó bá wà lọ́jà. Ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹja ni, tàbí ẹran, tàbí ẹyin, tàbí wàrà tí wọn ò dín, tàbí ẹ̀wà. Ìdá kan tó kù yẹn ni òkèlè máa dúró sí, kó má tóbi ju ìkúùkù yín lọ. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja yẹn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè, ó máa ń jẹ́ kí ṣúgà rọra gòkè. Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ má jókòó, ẹ rìn yí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹran ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá iyán yẹn fúnra yín lẹ́jọ́. Mo mọ̀ pé sítírípù, bébà kékeré tá a fi ń yẹ ṣúgà wò, wọ́n, èmi náà ń ṣọ́ ọ lò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má kàn máa yẹ ara wọn wò nígbàkúgbà tó bá ṣáà wá sọ́kàn wọn. Sítírípù méjì lórí oúnjẹ kan. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó jẹ iyán ìkúùkù kan yẹn, ẹ wo aago, lẹ́yìn wákàtí méjì sígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, tíṣà ni yín, ẹ mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ dọ́kítà ń fẹ́ ni kó wà láàárín 80 sí 130 (mg/dL ni gbogbo nọ́ńbà ṣúgà tí mò ń kọ níbí) kéèyàn tó jẹun, kó má sì tó 180 lẹ́yìn wákàtí méjì, àyàfi tí dọ́kítà yín bá fún yín ní nọ́ńbà míì. Ká ní ó kúrò ní 120, ó dé 165, iyán yẹn gbà yín. Ká ní ó fò dé 240, ẹ dín in kù sí ìdajì, ẹ tún dán an wò lọ́jọ́ míì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ṣe ti ẹ̀bà, lẹ́yìn náà ti àlìkámà yín yẹn. Kó tó di oṣù méjì, ẹ máa ní ìwé tó jẹ́ ti ara yín, tí ẹnikẹ́ni ò lè wá fi àhesọ já yín nínú ẹ̀.

198 tẹ́ ẹ rí láàárọ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá dọ́kítà, ó lè jẹ́ oògùn ló fẹ́ kí wọ́n fi kún, ẹ sì ní kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì HbA1c fún yín, òun ló máa ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe tàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ìfẹ́ ló mú kó máa dá ìkòkò sílẹ̀ lọ́tọ̀, mo mọ̀, àmọ́ kó sinmi. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní ṣúgà, òun náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí. Kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀ gbogbo ilé, kí òkèlè gbogbo ilé kéré sí i, kí bàbá jáde kúrò nínú yàrá wá jókòó sáàárín àwọn ọmọ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ọ̀fà ni mí, ẹ sì mọ àwa àti ànàmọ́. Wọ́n ní torí pé ó dùn, kí n jìnnà sí i. Mo tún fi oyin rọ́pò ṣúgà nínú ògì mi, mọ́ọ̀tì nìkan ni mò ń mu báyìí torí ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀. Ṣé mo wà lójú ọ̀nà?

Àbúrò mi, lórí ànàmọ́, mi ò ní sọ fún ọmọ Ọ̀fà pé kó gbàgbé ànàmọ́. Sè é pẹ̀lú èèpo lára, jẹ kékeré kan, kí ẹ̀wà tàbí ẹja wà pẹ̀lú ẹ̀. Èyí tí wọ́n sun máa ń gbé ṣúgà sókè ju èyí tí wọ́n sè lọ, èyí tí wọ́n dín sì ti mu òróró. Ìdùn ẹnu kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n, búrẹ́dì funfun ò dùn tó ànàmọ́, ó sì lè gbé ṣúgà ga jù ú lọ.

Oyin àti mọ́ọ̀tì ni mi ò ní gbà. Ṣúgà ni oyin, bí oyin ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà inú páálí náà ṣe ń dé e. Mọ́ọ̀tì ò fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀. Yí ìgò ẹ̀ padà, ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé gíráàmù 10 ló wà nínú 100 ml, tí ìgò náà sì jẹ́ 500 ml, gíráàmù 50 lo fẹ́ mu yẹn, bẹ́ẹ̀ ṣíbí tíì kan kì í ju gíráàmù mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Ṣé wà á jókòó kó o bu ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá sí méjìlá sẹ́nu léraléra? Mu omi. Tí ẹnu bá ń fẹ́ nǹkan, sóbò tí o kò fi ṣúgà sí, kó o fi ata ilẹ̀ sí i, ó dùn.

Màmá, Ọ̀fà sí Ìlọrin ni mò ń ná, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, ọdún 46 ni mí. Ìdájí ni mo máa ń lo oògùn ṣúgà mi, glibenclamide, kí n lè tètè wọ páàkì, oúnjẹ máa ń di bí aago mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Àjàṣẹ́, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ojú mi ń ṣú, mo sáré gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn èrò ní mo ti mutí, ìyá kan ní ọwọ́ ayé ni, ó fún mi lẹ́pà jẹ. Ó pẹ́ kó tó lọ. Mo ti dá oògùn náà dúró látìgbà yẹn. Ṣé mo ṣe dáadáa?

Ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ṣúgà ẹ ló wálẹ̀ jù. Oògùn tó o dárúkọ yẹn máa ń mú kí ara tú insulin jáde, èròjà inú ara tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, o jẹun o, o ò jẹun o, tó bá wá jẹ́ pé ikùn ṣófo, á fa ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nílẹ̀ wálẹ̀. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 70, ó ti di ọ̀rọ̀ kíákíá. Òógùn, ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà jíjá, ebi òjijì, ojú ṣíṣú, kéèyàn máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí, àmì ẹ̀ nìyẹn.

Ìyá yẹn ṣàánú ẹ, àmọ́ ẹ̀pà kọ́ ni oògùn ẹ̀, òróró inú ẹ̀pà máa ń dá ṣúgà dúró lọ́nà, ìdí tó fi pẹ́ nìyẹn. Ṣúgà oníhóró mẹ́rin ni kó o rún sẹ́nu, tàbí ìdajì ife mínírà, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ní kò ní ṣúgà o. Dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá tíì gòkè, tún un ṣe. Tó bá ti gòkè, wá jẹ oúnjẹ gidi. Tí máṣínnì ò bá sí nítòsí, má wá máṣínnì, jẹ ṣúgà. Sọ fún kọ̀ńdọ́ ẹ pẹ̀lú, kó mọ̀ pé tó bá rí i tí o ò mọ ibi tó o wà mọ́, kó má da nǹkan kan sí ẹ lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀dọ̀fóró lọ, ọsibítù ni kó gbé ẹ lọ. Oògùn yìí pẹ́ lára, ṣúgà lè padà wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, torí náà tí ara ẹ bá yá díẹ̀ ní ọsibítù, kí wọ́n má kàn ní kó o máa lọ sílé.

Dídá tó o dá a dúró yẹn, o ò ṣe dáadáa, ọmọ mi, mo ní láti sọ ọ́. Padà sọ́dọ̀ dọ́kítà ẹ lọ́sẹ̀ yìí, sọ fún un pé awakọ̀ ni ẹ́, sọ aago tó o ń jí àti aago tó o ń jẹun, oògùn míì wà tí kì í fa ṣúgà wálẹ̀ báyìí. Tó bá ní kó o padà sórí ẹ̀, oògùn àti oúnjẹ gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀. Ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín kan ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ní páàkì. Yẹ ṣúgà ẹ wò kó o tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kí páálí ṣúgà kan sì máa wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà gbogbo. Ẹ̀mí èèyàn mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn ẹ.

Nọ́ọ̀sì wa, àlàáfíà fún yín. Pákátà ni mo wà, n'Ílọrin, mo ti pé ọdún 63, Metformin ni mò ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lọ́dún tó kọjá mo gba gbogbo ààwẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn Àlàásàrì, ó rẹ̀ mí débi tí mi ò lè dìde, àwọn ọmọ ní kí n ṣínu, mo kọ̀ torí ìrun mọ̀gàríbì ti sún mọ́. Tá a bá wá ṣínu, dàbínù, kúnnù àti àkàrà la máa fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oṣù fi máa parí, ṣúgà mi ti ga ju bó ṣe wà lọ. Mi ò fẹ́ pàdánù láádá oṣù yẹn.

Àlájà, Ọlọ́run á gbà á ní ìjọsìn. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lọ́kàn torí mo mọ bí oṣù yẹn ṣe ń rí n'Ílọrin, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń jí fún sààrì, kò rọrùn kéèyàn jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹun lọ́sàn-án. Àmọ́ inú Àlùkùráánì náà ló wà, Súrà kejì, ẹsẹ 184 àti 185, pé ẹni tó bá ń ṣàìsàn tàbí tó wà lórí ìrìn-àjò, kó san án lọ́jọ́ míì. Ẹni tí kò ní lè san án, ọ̀nà wà fún òun náà, bíbọ́ tálákà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá Àlfà yín jókòó, kẹ́ ẹ sì rí dọ́kítà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ààwẹ̀ tó dé, kó má jẹ́ ọ̀la-la-máa-gbààwẹ̀ lẹ máa sáré wá a.

Ẹni tó ń lo Metformin nìkan, tí kíndìnrín àti ọkàn ẹ̀ dáa, ọ̀pọ̀ wọn máa ń lè gbà á, dọ́kítà á kàn yí àsìkò oògùn padà sí ìṣínu àti sààrì. Ẹni tó ń gba insulin, tàbí tó wà nínú oyún, tàbí tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, tiwọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n má dá a gbà láìjẹ́ pé dọ́kítà mọ̀ sí i. Yíyẹ ṣúgà wò lórí ìka ò ba ààwẹ̀ jẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ti fọwọ́ sí i. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 70, tàbí tó ti kọjá 300, ẹ ṣínu. Ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù, Àlájà, ẹ ṣínu. Tí ara bá ṣe yín bíi tọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ẹ ò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣínu.

Dàbínù kan tó, ẹ má kọjá mẹ́ta, kẹ́ ẹ mu omi dáadáa. Kúnnù, ẹ má fi ṣúgà sí i, kó sì jẹ́ ife kékeré kan. Àkàrà méjì, kì í ṣe mẹ́jọ. Ẹ lọ kírun, kẹ́ ẹ wá jẹ oúnjẹ gidi lórí àwo tí mo júwe fún bàbá tíṣà lókè yẹn. Ẹ jẹ́ kí sààrì pẹ́ bó bá ṣe lè pẹ́ tó, ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ jẹ nígbà yẹn, tàbí mọ́ínmọ́ín, torí ó máa ń dúró sínú. Ìrun àṣámù gan-an, ìdìde ìjókòó ẹ̀ dáa fún ṣúgà.

Ìyá, bàbá mi ti ní ṣúgà tó ọdún 20, Gáà-Àkànbí la wà. Ó tẹ ìṣó lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kò mọ̀, ọmọ mi ló rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ń fi ewé àti oyin sí i. Ó ti ń dúdú létí, àmọ́ kò dùn ún rárá, torí ẹ̀ la ò ṣe dààmú.

Ọjọ́ tí lẹ́tà yìí dé ọwọ́ mi ni mo pe nọ́ńbà tí ọmọ yẹn kọ sísàlẹ̀ ẹ̀. Torí ẹ̀yin tó kù ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí. Àìdùn yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Tí ṣúgà bá ti pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń pa iṣan tó ń gbé ìrora, ẹsẹ̀ á wá dákẹ́, egbò á máa jẹ lọ nísàlẹ̀, ara ò ní ké. Mo ti wà ní wọ́ọ̀dù láìmọye ìgbà tí wọ́n gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé, tó jẹ́ pé ká ní wọ́n wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ìka kan ò ní lọ. Egbò ẹsẹ̀ lára ẹni tó ní ṣúgà, ọjọ́ náà ni ká gbé e lọ ọsibítù, ewé kọ́, oyin kọ́.

Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣì dáa, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́, ẹ fi dígí sílẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá lè tẹ̀, tàbí kí ọmọ bá yín wò ó. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, inú ilé náà ńkọ́, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Omi gbígbóná, ìgúnpá ni kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ wò, ẹsẹ̀ lè má mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, omi tó bá kù sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ń mú kó bó, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé, ẹ nù ún gbẹ lẹ́yìn àlùwàlá kọ̀ọ̀kan.

Bàbá ṣì wà ní wọ́ọ̀dù bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń fọ egbò ẹ̀ lójoojúmọ́, wọn ò tíì gé nǹkan kan. Ó ti ń bèèrè ìgbà tó máa padà sí mọ́ṣáláṣí ẹ̀. Mo ti sọ fún ọmọ ẹ̀ kó ra bàtà tó bo ìka fún un, kó sì ra táwẹ̀lì kékeré kan tí á máa wà nínú àpò jàlàbíà ẹ̀.